Ta ló tẹ bọ́tìnnì yẹn?

Aago kan àbọ̀ òru ni. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, ooru lé mi kúrò ní yàrá, mo wá na ara sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, fóònù lọ́wọ́, mo ń wo géèmù kan tí wọ́n ń gbá ní Brazil, àwọn kílọ́ọ̀bù tí mi ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Géèmù mẹ́jọ ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́tì mi, méje ti wọlé. Ẹyọ kan yẹn ló kù, góòlù kan péré. Kò wọlé. Rẹfirí fọn fèrè, tíkẹ́ẹ̀tì gé, ariwo tí mo pa ló jí ọmọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, mi ò sì tíì rí ẹni tó dáhùn ẹ̀ fún mi débi tó máa tẹ́ mi lọ́rùn. Owó iléèwé ọmọ wà nínú àkáǹtì, ₦45,000. Mo mọ̀ pé owó iléèwé ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo fi ìka kan ilẹ̀, tí mo fi kan ahọ́n, tí mo nà án sókè lójú ìyàwó mi pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ yìí ló kẹ́yìn, tó bá ti lọ, ó parí nìyẹn. Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́kàn pé "má ṣe é o, má ṣe é o" báyìí ni àtàǹpàkò mi ti tẹ bọ́tìnnì, owó ti lọ. Mo wo àtàǹpàkò yẹn bí ẹni ń wo ti ẹlòmíì. Ta ló tẹ̀ ẹ́?

Ilẹ̀ mọ́, àṣírí tú, ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní iṣẹ́ ayé ni, pé ojú lásán kọ́, ẹnìkan ló ń yá ọwọ́ mi lò. Bùọ̀dá mi àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní àyànmọ́ ni, ṣé mi ò mọ̀ pé bàbá tó bí bàbá wa náà ta tẹ́tẹ́ títí tó fi ta ilẹ̀ tó jogún ni? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gé e mọ́ wọn lẹ́nu: "Ayé wo ló ń ṣe é? Àfọwọ́fà ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan ní tiẹ̀. Ó ń ká aṣọ kúrò lórí okùn lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì.

Nígbà tó yá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé nǹkan tí wọ́n fi òwúrọ̀ kan parí nílé wa, àwọn onísàíkọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà àti èrò èèyàn, ti fi ohun tó lé ní 100 ọdún fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní nǹkan tó yí ẹ ká ló ń darí ẹ, àwọn kan ní nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ẹ ni, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń pè ní determinism, tí àwọn tó kù wá ní rárá, èèyàn ló ń yan nǹkan tó bá ṣe, ìyẹn ni free will. Gírámà ló yàtọ̀, ìjà kan náà ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi wí nínú gbogbo wọn ni B.F. Skinner, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ó kú ní 1990. Bàbá yìí ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ní tiẹ̀ o, òmìnira tá a ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, orúkọ tá a fún àìmọ̀ wa ni, torí a ò rí okùn tó ń fà wá la ṣe rò pé kò sí okùn. Ẹyẹlé ló fi ṣiṣẹ́ jù. Á ti ẹyẹlé mọ́ inú àpótí, bọ́tìnnì kan wà lára ògiri ẹ̀, tí ẹyẹlé bá fi àgógó tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ á bọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni oúnjẹ ń bọ́, ẹyẹlé ò ní dààmú ara ẹ̀, ọjọ́ tó o bá dá oúnjẹ dúró kò ní pẹ́ jáwọ́. Àmọ́ tí kò bá sí bó ṣe lè mọ ìgbà tó máa bọ́, bóyá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, bóyá lẹ́yìn ogójì, há, ẹyẹlé yẹn á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ṣe, tó o bá tiẹ̀ dá oúnjẹ dúró pátápátá á ṣì tẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà pé ó tán. Ní 1953, Skinner fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ṣe ń mú èèyàn nìyẹn gẹ́lẹ́.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín tó tún dùn mí ni èyí tó ṣe ní 1948. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí bọ́tìnnì kankan, oúnjẹ kàn ń wọlé ní gbogbo sẹ́kọ́ńdù 15, bóyá ẹyẹlé ṣe nǹkan tàbí kò ṣe. Nínú ẹyẹlé mẹ́jọ, mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ètùtù tiwọn, ọ̀kan ń yí po yí po nínú àpótí, òmíì ń ti orí bọ igun kan, bíi pé nǹkan tí wọ́n ń ṣe yẹn ló ń mú oúnjẹ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ta bẹ́tì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi máa ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì mi torí ọwọ́ òsì ni mo fi jẹ owó ńlá àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í wẹ̀ ní Sátidé títí géèmù á fi parí. Ẹ má bèèrè bó ṣe máa ń rí tá a bá jọ jókòó.

Bí mo ṣe ka èyí tán ni mo rí i pé màmá mi kúkú jàre. Iṣẹ́ ayé ni lóòótọ́. Ayé tó yí mi ká ló ń ṣe é, kì í kàn án ṣe àwọn tí màmá mi fura sí ní àdúgbò, àwọn kan ni tí wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì tó ní éésì, tí wọ́n mọ ohun tí ẹyẹlé fẹ́ràn, tí wọ́n wá kọ́ àpótí ẹ̀ sínú fóònù. Wọ́n tiẹ̀ mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ní 2009, Luke Clark àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge gbé èèyàn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n máa ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé tó bá kù díẹ̀ kéèyàn jẹ, àwọn ibi tó máa ń jí nínú ọpọlọ tó bá jẹ tẹ́tẹ́ náà ń jí, ó sì ń wù ú láti tún ta sí i. Géèmù kan ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi, méje nínú mẹ́jọ. Èmi rò pé mo pàdánù, ọpọlọ mi ń jó ní tiẹ̀.

Inú mi wá dùn púpọ̀, mo ti rí àwáwí tó ní ìwé ẹ̀rí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣàlàyé ẹyẹlé fún ìyàwó mi, pé kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ mi tán lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ẹyẹlé kì í san owó iléèwé." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bùọ̀dá mi náà ò ṣeé gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o. Ẹ ṣáà mọ àrùn Parkinson's tó máa ń mú kí ọwọ́ àgbàlagbà máa gbọ̀n. Ní 2005, àwọn dókítà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ nípa aláìsàn 11 tó ní i, tí wọ́n di onítẹ́tẹ́ paraku lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan tó ń ṣe bíi dopamine, kẹ́míkà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Àwọn dókítà dín oògùn kù tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́tẹ́ bá oògùn lọ. Ẹ rò ó wò. Oògùn oníhóró ló mú un wá, òun náà ló mú un lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n bí mi sínú ẹbí tí ọpọlọ wọn ti fi díẹ̀ rí bíi ti ẹni tó lo oògùn yẹn ńkọ́, bí bàbá àgbà yẹn, ṣé èmi ni mò ń ta tẹ́tẹ́ àbí ẹ̀jẹ̀? Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì torí mo mọ̀ pé yóò yé e. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Oògùn wo lò ń lò?" Mi ò lo nǹkan kan, mà. "Ẹ̀n ẹ́n."

Àmọ́ èyí tó ń bá mi sùn tó ń bá mi jí ni ti Benjamin Libet, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, torí ó jọ ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò mi jù. Ní San Francisco ni, 1983 ló gbé e jáde. Ó lẹ wáyà mọ́ èèyàn lórí àti lọ́wọ́, ó gbé agogo kan síwájú wọn tí àmì kékeré kan ń sáré yí i po, yíyí kan ò tó sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta. Iṣẹ́ tó fún wọn ò le: ìgbà tó bá wù ẹ́, mi ọrùn ọwọ́ ẹ, kó o wá sọ fún mi ibi tí àmì yẹn wà lára agogo nígbà tó kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn pé o fẹ́ mì ín. Àwọn ará Jámánì méjì, Kornhuber àti Deecke, ti rí i láti 1965 pé kí ọwọ́ tó mì, ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ múra sílẹ̀, wáyà á gbé e. Ohun tí Libet fẹ́ mọ̀ ni pé ìmúra yẹn àti èrò tó wá síni lọ́kàn, èwo ló ṣáájú?

Gbogbo wa ló máa rò pé èrò ló ṣáájú. Mo rò ó, ọpọlọ mi gbọ́, ó rán ọwọ́ níṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmúra inú ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì sẹ́kọ́ńdù kí ọwọ́ mì, àwọn èèyàn wọ̀nyẹn sì ní ìgbà tó ku bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdù ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wu àwọn. Ìyẹn ni pé nínú ilé yẹn, wọ́n ti dáná, wọ́n ti se ọbẹ̀, kí wọ́n tó wá bèèrè lọ́wọ́ baálé pé kí ló fẹ́ jẹ, baálé wá ní "ọbẹ̀ ni," ó rò pé òun ló pàṣẹ.

Bí mo ṣe kà á báyìí ni mo rántí òru ọjọ́ yẹn, "má ṣe é o" tó dé nígbà tí ìka ti lọ. Oorun dá lójú mi. Wọ́n tún wá ṣe òmíì ní Jámánì ní 2008, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ, wọ́n ní àwọn lè fi ohun tó tó sẹ́kọ́ńdù 7 sí 10 ṣáájú mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún lèèyàn máa fi tẹ bọ́tìnnì. Ariwo ta nílé lóko. Mo lọ wo iye ìgbà tí wọ́n gbà á: bí 60 nínú 100. Ẹ gbọ́, èmi onítẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tó o bá sọ kọ́bọ̀ sókè wàá gba 50. Tí ẹnìkan bá mú 60 wá bá mi pé òun ti mọ inú èèyàn tán, mi ò ní fi ₦200 lé e.

Ti Libet yẹn náà, ní 2012 ẹnìkan tó ń jẹ́ Aaron Schurger àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá tú u wò lọ́nà míì. Bó ṣe yé mi rèé, ẹ bá mi lọ sí gáràjì. Mọ́tò wà nílẹ̀, èrò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń bínú sọ̀ kalẹ̀, àwọn míì ń wọlé, kò sẹ́ni tó pinnu nǹkan kan, ìgbà tó bá ti kún ni dírẹ́bà máa gbéra. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn mọ́tò tó ti gbéra nìkan lo kó jọ, tó o wá yí fídíò wọn padà sẹ́yìn, ohun tó o máa rí nínú gbogbo wọn ni pé èrò ń pọ̀ sí i kó tó gbéra, wàá wá lọ sọ pé látìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti wọlé ni dírẹ́bà ti pinnu. Irọ́ ni. Èrò kàn ń wọlé ń jáde ni. Ohun tí Schurger ń sọ ni pé ariwo inú ọpọlọ tó ń lọ sókè sódò ni wáyà Libet gbé, kì í ṣe àṣẹ. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, mo tiẹ̀ gbà pé òun ló ṣeé ṣe kó jóòótọ́ jù, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ tù mí nínú. Mọ́tò ti gbéra láìsí àṣẹ dírẹ́bà náà ni, àbí?

Libet fúnra ẹ̀ ò gbà pé òun ti pa òmìnira o, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ẹ̀ kiri kì í sọ ìyẹn. Ó ní láàárín ìgbà tó o mọ̀ àti ìgbà tí ọwọ́ máa mì, àyè kékeré kan ṣì wà tó o lè fi dá a dúró. Pé ọpọlọ lè dá àbá, ìwọ lo máa sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Àwọn pásítọ̀ lè fi wàásù. Ṣùgbọ́n èmi pariwo "rárá" lóru ọjọ́ yẹn o! Àyè yẹn kéré jù fún ẹni tó ti ń tẹ nǹkan kan náà fún ọdún mẹ́ta, ìka mi ti mọ ọ̀nà ju mi lọ.

Àwọn tó wà lápá ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì náà wà. Carl Rogers, onísàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà kan, bá Skinner fa ọ̀rọ̀ yìí lójúkojú ní 1956, ó ní bí òun ṣe ń rí èèyàn tí wọ́n ń jókòó síwájú òun tí wọ́n ń yí ayé ara wọn padà, kò sẹ́ni tó máa sọ fún òun pé kò sí yíyàn níbẹ̀. William James, onísàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà míì, sì ti ṣáájú wọn, ọmọ ọdún 28 ni, ìbànújẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀ débi tó fẹ́ kú, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ ní April 1870 pé ohun àkọ́kọ́ tí òun máa fi òmìnira òun ṣe ni pé òun máa gbà pé òun ní òmìnira. Ó wọ̀ mí lára, mi ò parọ́. Mo tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Mo dúró síwájú dígí, mo ní mo gbà pé mo ní òmìnira. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò kí n tó tún ta. Bóyá torí pé ọmọ olówó ni William James, mi ò mọ̀.

Àwọn kan wá ń bẹ̀rù pé téèyàn bá ń sọ fún àwọn ará ìlú pé kò sí òmìnira, wọ́n máa bàjẹ́. Ìwádìí kan jáde ní 2008, Vohs àti Schooler, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kà á pé kò sí free will ṣe màgòmágó nínú ìdánwò ju àwọn tó kù lọ. Gbogbo ayé gbé e. Nígbà tí àwọn míì tún un ṣe, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2015, wọn ò rí i mọ́. Nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe póòsì yìí ló máa bà yín jẹ́.

Ohun tó wá tú mi sílẹ̀ díẹ̀, ilé ni mo ti rí i. Bùọ̀dá mi ló ń tún ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan, pé ẹ̀dá kúnlẹ̀ ó yan orí, ó dé ayé tán ojú ń kán an. Mo ní ẹ dúró ná, ẹ̀yin náà ẹ sọ pé ó yàn án. Àkúnlẹ̀yàn, a kúnlẹ̀ la yàn án, wọn ò fi túlààsì gbé e lé wa. Ṣùgbọ́n nílé Àjàlá amọ̀kòkò, gbogbo orí ló ń dán lójú, èyí tó ti sán àti èyí tó dára ò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń yàn. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí Ifá sọ ìtàn wọn, Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílẹ́ẹ̀mẹ̀rẹ̀ fi ojú ara wọn yàn, òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí yẹn ń yìnrìn títí tó fi kù díẹ̀. Afùwàpẹ́ ò ní ojú tó dá ju tiwọn lọ o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti lọ dífá kó tó gbéra, ó ti gbé iyọ̀ àti owó ẹyọ dání, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá wá bá a mú èyí tó le. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, kó tó dójú orí ló ti ṣe é.

Mo wá padà lọ ka Skinner, ẹ ò ní gbàgbọ́, nínú ìwé 1953 yẹn kan náà bàbá yẹn sọ bí èèyàn ṣe lè kó ara ẹ̀ níjàánu: má bá ara ẹ jà, nǹkan tó yí ara ẹ ká ni kó o lọ tún tò. Ẹni tó ní kò sí òmìnira ló fún mi ní ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́. Mo jáwọ́ nínú bíbá ọkùnrin aago kan òru jà, apá mi ò ká a. Ọkùnrin aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ṣeé bá sọ̀rọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo kó káàdì ATM fún ìyàwó mi, mo ní kó yí PIN padà, a yọ app báǹkì kúrò lórí fóònù mi sí tiẹ̀, mo ti àkáǹtì bẹ́tì pa, mo yọ app ẹ̀ dànù, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù mi lọ sí yàrá màmá mi. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wù yín.

Ẹ máa ní ó dáa, ọkùnrin aago mẹ́rin yẹn, òun ló lo òmìnira. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ tí mo bá máa sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi ṣe é. Aṣọ tí ìyàwó mi ń ká lórí okùn lọ́jọ́ ìpàdé yẹn ni kò kúrò lójú mi, mo rò pé ẹrù ẹ̀ ló ń dì láti lọ ilé bàbá ẹ̀, ẹ̀rù yẹn ni mo gbé kiri títí ó fi di ọjọ́ tí mo kó káàdì fún un. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tó bi í. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Òjò ló ṣú, ó ní, ṣé kí aṣọ máa tutù torí ẹ ni?

Òjò! Nítorí náà mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún yín nípa ẹni tó kó káàdì yẹn sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá mi rin ìrìn àjò, fóònù sùn lọ́dọ̀ mi. Mo jí lóru, iná ò sí bó ṣe máa ń rí, mo gbé fóònù pé kí n wo aago. Ojú mi ò tíì là tán tí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi fi lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ibi tí app yẹn máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kakulétọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ṣí, ó kọ 0 gàdàgbà síwájú mi, mo jókòó sínú òkùnkùn mo ń wò ó.